Nọ́ọ̀sì Tó Jókòó Ti Aládùúgbò Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ọ̀kà, ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin kan ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé wa, lábẹ́ àpáta níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọbí ní abà. Ọmọ náà kú, láti ìgbà náà ni ìtọ̀ sì ti ń dà lára rẹ̀ láìdúró. Ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta. Àwọn aládùúgbò ní ó ní ohun tó ṣe ni. Ìyá mi nìkan ló gbà á sílé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i tó ń fọ aṣọ.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan gun alùpùpù wọ àgbàlá wa. Àwọn ìyá wa sáré da omi inú ìkòkò nù, wọ́n rò pé wolé-wolé tó máa ń yẹ omi ilé wò ni. Àṣé àwọn ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ ló ń wá kiri láti ilé dé ilé. Ibi tó ti ń wá wa ló ti rí obìnrin yìí lẹ́yìn ilé. Ó jókòó tì í lórí ẹní kan náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́.

"Àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ló wí fún un. "Iṣẹ́ abẹ wà fún un."

Obìnrin náà kàn ń sunkún jẹ́jẹ́.

Ọsibítù tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà jìnnà, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé e nítorí òórùn. Nọ́ọ̀sì lọ tọrọ mọ́tò ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọ́n ní kó padà wá. Ó padà lọ, wọ́n tún ní kó padà wá. Nígbà tó yá, ó mú obìnrin náà fúnra rẹ̀ dání, ìyá mi tẹ̀ lé wọn, èmi náà rọ̀ mọ́ ìyá mi. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí obìnrin náà dúró síta.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni nọ́ọ̀sì wí, "tí kò bá lè wọlé, ẹ jáde wá bá wa. Ọmọ ìlú yìí lòun náà."

Ọkùnrin náà dìde. Ó jáde wá bá wa.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe yín?" ló bi obìnrin náà.

"Ọdún mẹ́rin, sà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mọ́tò wá gbé e.

Nígbà tó ti ọsibítù dé, ó tẹ̀ lé wa lọ sí àsàlátù, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n dìde, ìyá mi fọwọ́ kan ẹní tí obìnrin náà jókòó lé. Ó gbẹ. Ìyá mi fi ìbòrí bojú sunkún. Nọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀ láti rí i; wọ́n ti gbé e lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Lónìí, ilé ìwòsàn ti pọ̀, láti ibí títí dé Ìkàrẹ́, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè rìn débẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ẹni tí ojú ń tì láti jáde, ta ló ń lọ bá a? Àárò nọ́ọ̀sì yẹn ń sọ mí gan-an. Nọ́ọ̀sì la máa ń pè é, a ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ọ̀kan nínú yín ì bá ti máa jẹ́ ẹ.