Májò àti Balùwẹ̀ Onítáyà

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, èmi ò sì fẹ́ jẹ́ olè. Púlọ́ńbà àdúgbò wa ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Májò ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé bó bá ti so páìpù kan pọ̀ tán, á fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, á ní, "Má jò o." Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: á bá ayùn sọ̀rọ̀, á bá gọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, bí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí, á bá ògiri sọ ọ́.

Ìbàdí Màámi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn, èmi ni mo sì ń wẹ̀ fún wọn. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìta ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù. Lọ́jọ́ kan tí a lọ sí ilé ìwòsàn, wọn ò mu ẹ̀kán omi kan láti àárọ̀, kí wọ́n má baà ní kí n gbé àwọn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Òòyì kọ́ wọn níwájú nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ṣubú lé mi láyà.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé ara Màmá Kékeré, àbúrò wọn kan ṣoṣo, ò yá, pé àìsàn náà ti wọlé jìnnà, pé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà ọjọ́ méjì ni. Màámi sunkún, wọ́n ní àwọn ò lọ. "Ta ló máa gbé mi wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà? Kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ dúró máa wò mí?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ra ilé onítáyà kan, àlòkù, irú ilé kékeré tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tó ní ibùsùn, sítóòfù àti balùwẹ̀ tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ pọ́ǹpù rẹ̀ kí omi tó jáde. Ẹsẹ̀ wo ni Màámi fẹ́ fi tẹ pọ́ǹpù? Mo pe Májò.

Ó yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ṣé ó máa sọ? "Àǹtí, ilé ni ilé ń jẹ́. Omi tó ń wọlé, omi tó ń jáde, ó parí."

Ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wa. Ó gbé táǹkì omi tó mọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó fi pọ́ǹpù oníbátìrì rọ́pò ti ẹlẹ́sẹ̀, ó sì gbé súìṣì rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ Màámi á tó bí wọ́n bá jókòó. Ó yọ pèpéle ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ga, ó kan irin ìdìmú mọ́ ògiri. Abẹ́ ilé, lápá ẹ̀yìn, ni táǹkì omi ìdọ̀tí wà. Ó fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, wọn páìpù tó lọ síbẹ̀, ó sì pè mí kí n wá wo ìhó kékeré inú gíláàsì rẹ̀, bó ṣe ń fi hàn pé páìpù náà ń lọ sísàlẹ̀. A da garawa omi mẹ́ta sílẹ̀ balùwẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ. Mo jó.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi mọ́tò fa ilé náà lọ sí pápá kan tó tẹ́jú, kí Màámi lè gbìyànjú rẹ̀ kí á tó gbéra lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí omi ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe. Omi ọṣẹ kò lọ. Èyí tó ti wọ páìpù tún ń padà bọ̀, ó kún dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Mo fi aṣọ bò wọ́n, mo gbé wọn jókòó sórí ibùsùn. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. "Jẹ́ kí n jókòó sílé mi, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bá mi kí àbúrò mi."

Mo pe Májò lórí fóònù, mo bú u dáadáa. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ilé ni ilé ń jẹ́, àbí? Wá wo ilé tó ń bì!"

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ," wọ́n ní. "Jẹ́ kó dé ná."

Ó dé, ó wọ abẹ́ ilé náà, ó gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì sórí páìpù, ó gbé e sílẹ̀ balùwẹ̀, ó tún gbé e padà sórí páìpù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó dákẹ́. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú mi.

"Àǹtí, ilẹ̀ ọgbà yín ló dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yìn ilé yìí ló wà nísàlẹ̀ nígbà tí mo wọn páìpù. Ní báyìí tó dúró síbi tó tẹ́jú, òkè ni páìpù mi ń lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ilé kan rí tó kúrò níbi tí mo bá a." Ó lóṣòó síwájú Màámi. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ fún mi ní ọjọ́ kan. Ẹ máa dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín dandan."

Màámi wò ó títí. "Ọjọ́ kan péré o, Májò. Àbúrò mi ò ní àsìkò."

Ó fi jáàkì gbé ilé náà títí ilẹ̀ rẹ̀ fi tẹ́jú, ó gé gbogbo páìpù tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ó sọ táǹkì ìdọ̀tí kalẹ̀ sí i, ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí n máa wa mọ́tò káàkiri àdúgbò, kí n máa dúró níbi tó bá tẹ́jú. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí balùwẹ̀ tòun ti ṣòkòtò, ó ń da omi sára, ó ń pariwo láti ojú fèrèsé, "Ó ti lọ, Àǹtí! Ẹ máa lọ!" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ó gé pákó méjì fún wa, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa tì wọ́n sábẹ́ táyà bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, kí ilé lè tẹ́jú.

Níbi tí a ti kọ́kọ́ sinmi lọ́nà, Màámi na ife sí mi. "Bu omi fún mi." Wọ́n mu ún tán, wọ́n tún na ife. Wọ́n dá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá jáde, wọ́n sì jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi wí pé eré tí mo ń sá ti pọ̀ jù. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Orí ibùsùn la bá Màmá Kékeré. Wọn ò lágbára láti wọ balùwẹ̀ ilé wọn mọ́. Láti oṣù méjì, aṣọ tútù ni wọ́n fi ń nù wọ́n lára. Màámi fọwọ́ kan irun wọn. "Gbé e wá sínú ilé mi," ni wọ́n sọ fún mi. Mo gbé Màmá Kékeré, wọn ò wúwo mọ́ rárá, mo gbé wọn kalẹ̀ sórí ìjókòó balùwẹ̀. Màámi di irin ìdìmú mú, wọ́n ní kí n jáde.

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi ń dà, omi ń lọ. Mo gbọ́ ohùn Màmá Kékeré: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ ń ha mí létí jù."

"Dúró jẹ́ẹ́. Bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, Màámi ní kí n pe Májò. "Mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ fún àbúrò mi lónìí," wọ́n wí fún un. "O ṣeun. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ." À ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Màmá Kékeré tún lò láyé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà tí Màámi ò wẹ̀ fún wọn.