Háájì Nayef Ń Dúró De Àdéhùn Ìkẹyìn

Pẹ̀lú ìrora ọkàn ni mo fi ń kéde fún tolórí-tẹlẹ́mù pé ife kọfí kan ti tutù. Níbi ìpàdé àlàáfíà ní Jẹ́ríkò ló tutù sí, lójú àwọn aṣojú tiwa àti ti Ísírẹ́lì, kò sì sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Háájì Nayef, onílàjà abúlé wa, Khirbet Luz, ló ni ife náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Háájì náà kú. Àwa tí a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òkú, a fi òkú tiwọn sílẹ̀ sí yàrá òkú ní Ramallah.

Ẹ̀yìn odi tí àwọn Ísírẹ́lì mọ la àárín oko ólífì wa ni itẹ́ òkú wa wà. Widad, ìyàwó Háájì, ti sùn síbẹ̀. Àyè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí onílé lọ́dọ̀ wa. Yóò gbé ife sílẹ̀, títí onílé yóò fi gbà. Àbùkù ńlá ni kí àlejò dìde láìmu ún. Ọgbọ́n yìí ni Háájì fi parí ìjà ẹ̀jẹ̀ láàárín ìdílé tí kì í kíra wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Háájì sí Jẹ́ríkò. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Aṣojú tiwa ni, ọmọ tó dàgbà sínú àṣà kọfí yìí: “Ẹ bá Bàbá gbé tíì wá. Kọfí ò bá wọn lára mu mọ́.” Àwọn aṣojú rẹ́rìn-ín.

Shaul, aṣojú Ísírẹ́lì kan tí wọ́n bí sí Bàgídáàdì, tó mọ àṣà yìí, nìkan ló fajú ro. “Ẹ gbé tíì yẹn kúrò jàre! Bàbá ní ẹ̀bẹ̀ ni. Háájì, kí lẹ fẹ́?”

“Ẹ ṣí ọ̀nà itẹ́ òkú. Mo fẹ́ sùn ti ìyàwó mi.”

“Ọ̀rọ̀ ààlà nìyẹn, Háájì. Wọ́n ti sún un di ìgbà àdéhùn ìkẹyìn.”

“Ṣé Widad wá ni ààlà?”

 Shaul rọra gbé ife tirẹ̀ náà sílẹ̀ láìmu ún. Wọn ò pe òun àti Háájì sípàdé mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá ìlàjà ṣì lè wáyé láàárín àwa àti wọn, ẹ sọ fún un pé ó ti fẹ́ẹ̀ wáyé rí. Wọ́n palẹ̀ ife mọ́ ni.

Nígbà tí Háájì kú, Sawsan, ọmọ wọn, pe Ọ́fíìsì Ìbáṣepọ̀ tiwa, tó ń bá wa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Ísírẹ́lì. Wọ́n ní: “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ àwọn Ísírẹ́lì ni kọ́kọ́rọ́ wà.” Ó pe àwọn Ísírẹ́lì. Àwọn náà ní: “Àwọn èèyàn yín ló yẹ kó béèrè. Ẹ ní sùúrù.”

“Èmi lè ní sùúrù,” Sawsan dáhùn. “Ẹni tó ti kú ńkọ́?”

Lánàá, Sawsan lọ sí ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, sójà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì pariwo mọ́ ọn: “Màmá, ẹ sọ fún bàbá yẹn kó máa lọ sílé!”

“Bàbá wo?”

Sójà náà yíjú padà. Kò sẹ́nì kankan. Ó ń bojú wẹ̀yìn títí ẹni tó gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi dé. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ólífì nítòsí ní àwọn ti ń gbọ́ ikọ́ Háájì níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Orúkọ ni mo ń béèrè. Ta ni nínú àwọn aṣojú wa tó gbà pé ibojì lè dúró? Ta ni lọ́hùn-ún tó ti ọ̀nà pa? Kí àwọn méjèèjì wá síwájú Sawsan, kí wọ́n tún un sọ lójú rẹ̀.

ÌKÉDE. Ọ́fíìsì Ìbáṣepọ̀ ń fi tó gbogbo ènìyàn létí pé a ti fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ Háájì Nayef láti wọ itẹ́ òkú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìyọ̀ǹda náà wà fún. Kí ó wá fúnra rẹ̀, láìmú ẹnikẹ́ni dání. Ó gbọ́dọ̀ jáde kí oòrùn tó wọ̀.