Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Kòtò Ọ̀nà Oko

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lábúlé wa lẹ́yìn Alábàtà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ oko wa, bàbá mi ló sì ni ín. Àlòkù àwọn sójà ni, ó burẹ́wà, imú rẹ̀ gùn bíi ti ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n táyà iwájú rẹ̀ náà ń fà bíi ti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí kì í fi rì sínú ẹrẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá mi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyá mi gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kòtò kan wà lọ́nà oko náà. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo ọkùnrin abúlé á jáde, wọn á kó òkúta dí i, àwọn obìnrin á se ẹ̀wà fún wọn. Àfi ìgbà tí ṣáàfù iwájú ọkọ̀, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí táyà, ṣẹ́ síbẹ̀. Bàbá mi lọ sí ìsọ̀ páàtì ní Kuto, ó ra èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ wọ kòtò, ó jáde, àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún yí po, tí ìyá mi ní kí wọ́n lọ dí kòtò, wọ́n ní, "Ìyàwó, kí la tún fẹ́ dí? Ṣé ọkọ ẹ ò ti borí ẹ̀ ni?"

Ọ̀lẹ rí àwáwí!

Kòtò ò kúkú gbọ́ pé ẹnikẹ́ni borí òun. Ó ń jìn sí i. Ṣáàfù ò ṣẹ́ mọ́ lóòótọ́, oríkèé irin tó so ó mọ́ táyà ló fọ́. Bàbá mi tún ra èyí tó le jù. Ibi tó bá sì ti mú le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyà á bọ́ sí.

Lọ́dún tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, ìyá mi gbin tòmáàtì. Ó ní, "Èyí ni sẹ́kọ́ńdírì ẹ." A kó agbọ̀n sọ́kọ̀, ó di ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀. Nínú kòtò yẹn la ti gbọ́ gbàgà! Táyà iwájú yọ lódindi, ó yí wọgbó bí olè tí wọ́n ń lé. Mo bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi gbá mi létí. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi wá irin kiri. Èyí tí orí wa lè gbé la gbé, ìyókù jẹrà sínú ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin wá ń kí bàbá mi kú ewu. Ìyá mi ní, "Ẹ ti kí irin. Ọmọ mi ńkọ́?"

Ìdí àtẹ ni mo bá ara mi dípò sẹ́kọ́ńdírì.

Ẹ ní ayé ti yí padà. Ó ti yí o! Nígbà yẹn, ọkọ̀ kan ló wà, lónìí gbogbo ilé ló ní jíìpù gíga. Páàtì mọ́tò ni mo ń tà ní Kuto báyìí. Ọ̀gbẹ́ni kan dé lọ́jọ́sí: "Ìyá, ẹ fún mi ní ṣáàfù tó le gan-an, ojú ọ̀nà ilé wa ti bàjẹ́." Mo ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ládùúgbò?" Ó ní àwọn pọ̀. Mo ní, "Ẹ pọ̀ tó yẹn, apá yín ò ká kòtò kan?"

Ó bínú lọ sí ìsọ̀ kejì. Wọ́n tà á fún un.