Orval àti Ọkọ̀ Tó Ń Fò Bí Ọ̀pọ̀lọ́

Títí di òní, bí ẹ bá dé Vestby tí ẹ dárúkọ olóògbé Orval Tveit, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún yín ni ti ọjọ́ tó kó gbogbo ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ìpàdé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Orval ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti to àga ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn gígùn tí màlúù méjì lè nà gbalaja sí. Ó ní kí wọ́n gòkè, pé iṣẹ́ àánú ni. Wọ́n gòkè. Ní apá Dakota tiwọn ní Amẹ́ríkà, bí aládùúgbò bá ní kí o gun ọkọ̀, wàá kọ́kọ́ gùn ún ná kí o tó béèrè ibi tí ẹ ń lọ.

Arlys, ìyàwó rẹ̀, jókòó níwájú, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Orval ń wa ọkọ̀, ó sì yọ orí síta fèrèsé. Bí wọ́n ṣe gun òpópónà kọnkéré, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ìdí rẹ̀ á gbéra, á balẹ̀, á tún gbéra, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹnìkan ń fi igi tọ́ nídìí.

“Pásítọ̀, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀,” Orval kígbe. “Selmer, ìwọ bọ́ sí ìparí pátápátá.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?” Selmer Moe béèrè. Òun ni akápò ìjọ, ó sì sanra débi pé àga méjì ni Orval tò fún un.

“Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ọ la fẹ́ lò.”

Selmer wọ́ àga rẹ̀ méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ní kó lọ. Fífò náà dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Orval ń lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ láti ìta bí ẹni ń gbóríyìn fún ẹṣin, títí ọ̀gá ọlọ́pàá fi tan iná lẹ́yìn wọn.

“Orval, o kò gbọdọ̀ kó èrò sẹ́yìn ọkọ̀ lórí òpópónà.”

“Èmi ò kó èrò. Ẹrù ni.”

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo Pásítọ̀ Lindahl, tí afẹ́fẹ́ ti gbé irun rẹ̀ dúró bí ìyẹ́ adìyẹ. “Pásítọ̀, ṣé ẹrù ni yín?”

Pásítọ̀ ronú sí i dáadáa, nítorí kì í purọ́. “Láti ìgbà tí a ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ó ní, “mi ò lè sọ pé mo jẹ́ nǹkan mìíràn.”

Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ní orí Orval ti ń yí. Arlys mọ ìdí rẹ̀, nítorí òun gan-an ni ìdí náà. Nígbà òtútù tó kọjá lọ, àkàbà àká koríko màlúù yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Ó lè rìn díẹ̀díẹ̀, ó lè jókòó, ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá mi ara rẹ̀ jìgìjìgì, orí ibùsùn ni yóò ti rí ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni Karla, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sioux Falls nínú oṣù kẹfà. Ọ̀nà náà jìn, kọnkéré ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Arlys kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí àpò ọ̀dùnkún. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Palmer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó rọ̀ bí ìrọ̀rí. “Màá gbé e lọ,” ó ní. “Á sùn lọ, á jí síbẹ̀.”

“Ọkọ̀ tó gbé Karla wálé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀,” Orval dá a lóhùn. “Àna mi, o ṣeun. Lọ fi tìrẹ gbé ẹyin.”

Arlys mọ̀ pé ọkọ̀ Palmer ni yóò dẹ ẹ̀yìn òun lára. Ó sì mọ bí ojú Orval yóò ṣe rí bí ó bá rí òun tí òun ń bọ́ sínú rẹ̀.

Orval kì í ṣe mẹkáníìkì. Àgbẹ̀ àgbàdo ni, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tó kọjá níwájú ilé rẹ̀ tí kò ní sọ àìsàn tó ń ṣe é, yálà wọ́n bi í tàbí wọn kò bi í. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa jẹ́ òótọ́. Ó ní àìsàn mẹ́ta ló ń bá píkọ́ọ̀pù òun fínra, àti pé ohun tó ń ba àwọn ènìyàn jẹ́ ni pé wọ́n ń fi egbòogi kan wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti mọ èyí tó dìde lọ́jọ́ kan, ó máa ń gbé ife kọfí tó kún dẹ́múdẹ́mú sórí pátákó iwájú ọkọ̀, á sì máa sáré. Bí kọfí bá ń ṣe òrùka kéékèèké lójú, pùròpélà ni, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ibi tí irin náà ti so pọ̀ ní àárín ni. Bó bá fò jáde látinú ife wá sórí itan ẹni, ọ̀nà kọnkéré ti dé. Nígbà tó yá, Arlys kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń ti ara ṣòkòtò tó ń fọ̀ mọ àìsàn tó ṣe ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Àìsàn kìn-ín-ní rọrùn. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí ajá tó jáde látinú odò. Nítorí pé ọkọ̀ náà gùn, pùròpélà rẹ̀ pín sí méjì, bíárìn kan ló sì so wọ́n rọ̀ ní àárín. Bíárìn yẹn ti gbó. Orval tú u, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè dúró bó ṣe yẹ.

Wàhálà wà nínú dídá a padà. Ó pẹ́ tí Orval ti ń kìlọ̀ fún gbogbo Vestby pé ẹni tó bá fẹ́ tú pùròpélà, kó kọ́kọ́ sàmì sí apá méjèèjì, nítorí bí eyín wọn bá yẹ̀ sí ara, ọkọ̀ á máa hu. Òun náà fi ẹfun sàmì sí i, àmì tó dára. Lẹ́yìn náà, nítorí tí kò lè rí irin tó dọ̀tí kó fojú fò ó, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ kejì, tó ń hu, àwọn màlúù aládùúgbò gbórí sókè, wọ́n wá sí ìdí ọgbà láti wá pàdé akọ màlúù tuntun.

Ó tún un tú. Lọ́tẹ̀ yìí, kútẹ́ẹ̀sì pupa Arlys ló fi sàmì. Palmer bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

“Ó ti kun èékánná,” ó ní. “Ṣé ó fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó fún Karla ni?”

Ìyẹn tán, ó ku àìsàn kejì. Bí eré bá ti wọra, àga ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ìdí ẹni, gbígbọ̀n wẹ́wẹ́ tó ń rin ni lẹ́yìn. Orval ní apá kan pùròpélà ló wúwo ju èkejì lọ, pé kílíìpù onírin tí wọ́n fi ń di rọ́bà omi ni èèyàn ń so mọ́ ọn, á máa yí i kiri títí yóò fi dọ́gba. Kò sí kílíìpù tuntun nílé. Ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó yọ méjì, ó so wọ́n mọ́ pùròpélà, ó yí wọn síhìn-ín, ó yí wọn sọ́hùn-ún, gbígbọ̀n náà sì lọ. Ó sáré wọlé wá sọ fún Arlys, ó bá a níbi tó dúró sí nílé ìdáná, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ọkọ̀ ti dákẹ́,” Orval wí.

“Mo gbọ́,” Arlys dáhùn. “Ilé ló kàn tó ń ṣàn.”

Ó wá ku fífò, ìyẹn sì ni òkè ìṣòro. Orval pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tó ń gba fífò mọ́ra, ó pààrọ̀ táyà, kò gbọ́. Ó wá mú okùn, ó lọ wọn òpópónà. Ó rí i pé òkúta kọnkéré tí wọ́n tò síbẹ̀ gùn ní ìwọ̀n kan náà, àti pé nítorí gígùn ọkọ̀ òun, bí ẹsẹ̀ iwájú bá ti ń kan ojú ìsopọ̀ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń kan òmíràn, ìkan ń gbè fún ìkejì. Bó bá rọra lọ, kò ní fò. Ṣùgbọ́n Orval ní bí èèyàn bá fi eré yẹn lọ síbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ ni yóò bá níbẹ̀.

Ó gba ìpàdé àwọn alábòójútó ọ̀nà lọ. Ó ní kí wọ́n gé àwọn kọnkéré náà kúrú díẹ̀. Alága ìpàdé bi í bóyá kò ní rọrùn jù láti gé ọkọ̀ náà kúrú. Láti ọjọ́ yẹn, bí Orval bá rí ọkùnrin náà ní ìsìn, ìjókòó òdì-kejì ló ń lọ.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ti lé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀kalẹ̀, Orval fi àpò iyanrìn rọ́pò wọn. Fífò lọ. Ṣùgbọ́n iyanrìn tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, pùròpélà wọ́, gbígbọ̀n tó ti sá lọ sì padà wálé. Ó dín iyanrìn kù, gbígbọ̀n lọ, fífò dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá a yí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, oògùn ọ̀kan ń dá èkejì sílẹ̀.

“Ohun tí a nílò,” ó sọ nídìí oúnjẹ alẹ́, “ni ẹrù tó lè sún nígbà tí a bá ní kó sún. Iyanrìn ò létí.”

“Orval,” Arlys wí, “jẹ́ kí Palmer gbé mi.”

Orval ń fi ṣíbí yí oúnjẹ kiri. Ó ń wo àwo rẹ̀. Arlys kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Palmer dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Orval jáde nínú kóòtù dúdú, ó ju kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù sí i.

“Ìwọ ni wàá wà á.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ni iyanrìn.”

Àga ilé ìdáná kan ti wà lẹ́yìn, àpò iyanrìn díẹ̀ yí i ká. Orval gun orí rẹ̀, ó fi okùn di ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹyẹ lékeléke. Kódà pẹ̀lú bàtà rẹ̀, kò tó ìdajì Selmer.

“Ọlọ́pàá ní o ò gbọdọ̀ kó èrò,” Arlys rán an létí.

“Ta ló ń kó èrò? Ara ọkọ̀ ni mí. Bó bá ń fò, kan gíláàsì kí n sún. Bí kò bá fò, na àtàǹpàkò sókè.”

Wọ́n gbéra. Pùròpélà kò gbọ̀n. Àga kò gbọ̀n. Wọ́n gun kọnkéré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Arlys rọra yí ojú sẹ́yìn. Orval ń wò ó látinú gíláàsì, irun rẹ̀ ti dúró, táì rẹ̀ ń nà á ní etí. Ó gbé ojú sókè bí ẹni ń béèrè. Arlys na àtàǹpàkò. Ọwọ́ rẹ̀ kejì, tí gíláàsì kò jẹ́ kí Orval rí, rọ̀ mọ́ etí àga bí ẹni rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lórí odò.

“Arlys,” Palmer wí, “ó ń fò.”

“Dákẹ́, kí o máa wa ọkọ̀.”

“Mo lè rọra.”

“Bí o bá rọra, á mọ̀. Máa lọ.”

Ní gbogbo ìgbà tí Orval bá béèrè, Arlys á na àtàǹpàkò. Ní Sioux Falls, Arlys fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di apá Orval mú, kòkòrò kan ti lẹ̀ mọ́ àyà kóòtù rẹ̀, Orval sì ń rìn bí ọ̀gágun. Karla rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Ọjọ́ kejì, Arlys kò lè dìde lórí ibùsùn. Ó ní bàtà tuntun ló fà á.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jókòó mu kọfí ní Vestby tí Orval kò sọ fún pé òun gbé ìyàwó òun dé Sioux Falls láìjẹ́ pé abẹ́rẹ́ mì. Arlys á mi orí. Palmer á wo ìta. Fún ọdún púpọ̀ ni, títí Orval fi sùn sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án kan nígbà ìkórè, tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kó jọ sí ìyàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kọfí ń hó, oúnjẹ inú abọ́ kún tábìlì. Selmer sọ ìtàn àga méjì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sọ ti omi ilé ìdáná, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí Sioux Falls, Arlys gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Ó fò,” ó ní. “Láti ibí dé ibẹ̀. Mo purọ́ fún un ni. Ọpẹ́ ni pé ó lọ láìmọ̀.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Pásítọ̀ Lindahl, tó ti darúgbó, tó sì ń wo inú kọfí rẹ̀.

“Arlys,” ó ní, “ó mọ̀. Lẹ́yìn ni ó jókòó sí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni fífò kọ́kọ́ ń bá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e pé eyín òun ń kan ara wọn dé Sioux Falls.”

“Kí ló dé tí kò fi sọ fún mi?”

“Mo bi í. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá wo gíláàsì, ìwọ ń na àtàǹpàkò, o sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, ‘Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe fẹ́ ja obìnrin yẹn níyàn?’”

Ejìká Arlys bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rín ń dùn ún níbẹ̀.

“Kí n gbọ́ ọ yé,” Selmer wí. “Ta ló wá tan ta jẹ?”

“Kò sẹ́ni tó tan ẹnikẹ́ni,” Arlys dáhùn. “A kàn jọ gùn ún lọ ni.”