Epo Tí Ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá Mi Ń Mu

Ẹ̀rù ọkọ̀ yẹn ti ń bà mí kí n tó mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Bọ̀ọ̀dá mi ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun: ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ó ní òun ń bọ̀ wálé láàárín oṣù mẹ́ta, pé kí n máa bá òun tan án, kí n sì máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ, àárín ògiri méjì la há a sí. Àwọn ewúrẹ́ sì gba abẹ́ rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ ọ́," ó wí lórí fóònù. "Má fi epo lásán sí i. Lọ wo ara ìdérí táǹkì."

Mo lọ wò ó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn, ọ́kitéènì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ bí epo bẹntiróò ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ti ọkọ̀ tí a mọ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Bí epo kò bá lè fara dà á, á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, á sì máa lu písítìn inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dá a lu. Ó fi ìgò oògùn epo mẹ́rin sínú bùùtù, ìgò kan fún táǹkì kan. Oògùn yẹn ni yóò máa gbé nọ́ńbà epo wa sókè.

Oògùn òyìnbó ni mo ń tà ní Òkè Padre, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò ṣàjèjì sí mi. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó lo ìdajì. Bóyá ìdí nìyẹn tí àyà mi fi ń já ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá ti tan ọkọ̀ náà, ńṣe ni mo máa ń dẹtí sí i bí ìyá tó ń tẹ́tí sí èémí ọmọ tí ibà ń ṣe.

Oṣù mẹ́ta di oṣù méje. Oògùn epo tán, bọ̀ọ̀dá mi kò tíì dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi ní ọkọ̀ yẹn ni kí n fi gbé òun lọ kírun ní Ọjà'ba. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́rì akẹ́rù ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wà kí etí wọn tó di.

"Bàbá, epo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, n kò sì ní oògùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká wọ takisí."

"Kí lo wí?"

Mo tún un wí sí etí ọ̀tún.

"Ọmọ mi ra mọ́tò, kí n wá lọ máa wọ takisí?"

N kò lè bá wọn jiyàn. Nílé epo, mo bi ọmọbìnrin tó ń ta epo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mélòó ni epo yín?"

Ó wo ẹ̀yìn. "Nọ́ńbà kejì nìyí, mà. Pọ́ǹpù kìíní ti bàjẹ́."

Ọkùnrin kan tó ń ta ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbọ́ wa. Ó gbé ìgò kan wá. "Oògùn tí ẹ ń wá nìyí, Àǹtí. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Ìwé ara ìgò náà wọ́, lẹ́tà kan sì dín nínú orúkọ tí wọ́n kọ sí i. Mo ṣí i, mo fi imú sí i. Kẹrosíìnì ló ń rùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí oògùn ayédèrú, mo sì mọ̀ pé kẹrosíìnì á tún fa nọ́ńbà epo wálẹ̀ ni. Mo dá a padà. Mo ní kí ọmọbìnrin náà bu epo lásán díẹ̀ sí i, mo sì ṣèlérí fún ara mi pé n ó rọra wà á.

Títí a fi dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Mapo ni mo gbọ́ ọ: ó ń ró bí ìgbà tí ènìyàn bá mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Òógùn bò mí. Takisí kún ẹ̀yìn mi, wọ́n ń fun fèrè. Mo tẹ iná sí i kí n lè tètè dé òkè, ariwo náà sì le sí i. Ohun tí mo ń rí lọ́kàn mi ni kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ọkọ̀ máa yí padà sẹ́yìn, tòun ti bàbá mi, sáàárín àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì.

Bàbá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù. "Nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì yìí."

"Ẹ gbọ́ ọ ni?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ló ń sọ ọ́. Jíà wo lo wà?"

"Ẹ̀kẹta."

"O fẹ́ pa á! Padà sí èkejì. Má tẹ iná mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa yí ní fúyẹ́."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú wa. Nígbà tí mo tún máa gbéra, ariwo náà padà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára ọkọ̀ náà sì lọ pátápátá.

"Pa á!" ni bàbá mi ké.

Mo pa á. Bíréèkì wá le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí igi. Mo fa bíréèkì ọwọ́, síbẹ̀ ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn díẹ̀, mo sì lọgun. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà òkìrìkà sáré gbé òkúta wá, ó fi tì í lẹ́yìn táyà. Ọkọ̀ dúró.

Bàbá mi di orúnkún mi mú, wọn kò fi í sílẹ̀.

"Lọ́rì ọ̀rẹ́ mi kan padà sẹ́yìn lórí irú òkè yìí nígbà kan," ni wọ́n wí. "Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. N ò sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ rí."

Mọ́sálásí kékeré kan tó wà nítòsí ni wọ́n ti kírun lọ́jọ́ náà. Èmi jókòó ti ọkọ̀ títí mẹkáníìkì tí mo pè láti Bẹyẹrunkà fi dé. Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó sì ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ihò wọn. N kò lè wò ó. Ó nu púlọ́ọ̀gì kan, ó fi àwọn ẹyọ fàdákà wínníwínní hàn mí lára rẹ̀.

"Ara písítìn ló ń bó wá síbí yìí," ó ní. "Ó ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n kò tíì lu. Ká ní ẹ fi tipátipá gùn ún dókè ni, ẹ́ńjìnnì yìí ì bá ti nọ́ọ̀kì."

Ó wá ku kí n sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì dúró de èébú.

"Bàbá ńkọ́?" ó bi mí.

"Àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ẹ̀bi tèmi ni. Mo mọ irú epo tó wà nílé kí n tó rà á. Ó wọ̀ mí lójú ni."

Ó gbà kí mẹkáníìkì náà fa epo inú táǹkì jáde, kó sì fi kọ̀ǹpútà sún àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣá sẹ́yìn, kó lè bá epo tí a ní mu. Agbára ọkọ̀ náà yóò dín kù, mẹkáníìkì ní kí a má tan ara wa, oògùn gidi ṣì dára jù. Ṣùgbọ́n kò ní máa jẹ ara rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni, n kò gbọ́ ariwo náà mọ́. Síbẹ̀ n kò ṣí rédíò nínú rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà, n kò sì ti gíláàsì rẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi dé níkẹyìn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti kí i káàbọ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ kó tó jókòó, kí n tó bu omi fún un.