Ìgbín méjì tí ìyá ọkọ mi rà

Títí dòní, mi ò lè rí ìgbín ní Ọjà'ba kí n má rántí méjì tí ìyá ọkọ mi rà nígbà tí mo bí àkọ́bí mi obìnrin ní Bẹyẹrúnkà. Wọ́n fi agbọ̀n dé wọn mọ́lẹ̀ de olóólà, kó lè kán omi wọn sí egbò ọmọ lẹ́yìn tó bá dábẹ́ fún un tán.

Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ti ní àwọn obìnrin káàkiri àgbáyé ti pàdé, wọ́n ní ìpalára ni, kí a má dábẹ́ fún ọmọbìnrin mọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi.

"Àwọn obìnrin ibo? Ṣé wọ́n mọ ilé yìí ni?"

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ojú àpá ibi tí wọ́n ti dábẹ́ fún yín ló ya nígbà tí ẹ bí àkọ́bí yín."

Wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n sì wò ó títí. Nígbà tí olóólà dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá bàbá náà padà.

Lọ́sàn-án, wọ́n fi ìgbín náà se ọbẹ̀ ata, wọ́n bu èyí tó tóbi jù fún mi.

"Jẹ ẹ́, ìwọ aṣojú obìnrin àgbáyé."

Ata rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.