Ẹja Díndín fún Ẹni Tó Bá Sọ Ìtàn Síwájú

Bí òórùn ẹja díndín bá ti gba gbogbo àgbàlá wa ní àdúgbò Dapoya lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa ti mọ̀ pé ẹnìkan máa tó gba ẹ̀bùn nínú ẹgbẹ́ wa. Láti ẹ̀bá adágún Tanghin ni ẹja náà ti ń wá, ìyá aláṣọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí gẹ́ètì ló sì máa ń dín in. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé sí ilẹ̀ àjèjì náà nígbà náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo ń gbé, ó ń ta páàtì ọ̀kadà; ọ̀kadà yìí ni wọ́n ń pè ní mọ́tò níbẹ̀. Mi ò gbọ́ Faransé, mi ò gbọ́ Mooré tí àwọn onílẹ̀ ń sọ, iṣẹ́ mi ò sì ju kí n máa nu eruku kúrò lára ọjà lọ. Ó wá dá mi lójú pé irú èèyàn bíi tèmi gan-an ni ìtàn kíkọ yẹ.

Eré orí tẹlifíṣàn kan ló bí ẹgbẹ́ náà. Faransé ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Yorùbá sì ni àwọn ìyá àgbàlá wa, wọn kò gbọ́ ju "oui" àti "non" lọ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ló ń túmọ̀ ìyókù. Ọmọkùnrin kan wà nínú eré náà tó bá bàbá rẹ̀ jà, tó gun mọ́tò, tó sì fi ilé sílẹ̀. Ojú títì ló ṣì wà tí ilé tẹlifíṣàn náà fi gé eré náà kúrò. Wọn ò sọ ìdí, wọ́n kàn fi bọ́ọ̀lù rọ́pò rẹ̀. Inú bí àwọn ìyá. Ọmọbìnrin kan nínú àgbàlá, tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ní kò sí wàhálà, àwa fúnra wa la máa sọ ọ́ síwájú. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó fi ara rẹ̀ ṣe ààrẹ, kò sì sí ẹni tó dìbò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oníkálukú á fi ohùn sọ apá tirẹ̀ ní Yorùbá, torí àwọn ìyá tá à ń sọ ọ́ fún kì í kàwé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, a ó gbé fóònù ààrẹ sórí àga láàárín àgbàlá, gbogbo ilé á sì jókòó tì í.

Kò pẹ́ tí ọ̀lẹ fi wọ àárín wa. Ààrẹ ní ó yẹ ká máa fún ẹni tó bá ṣe dáadáa ní nǹkan. Ó kọ́kọ́ ń fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá joyè: èmi di Akọ̀wé Àgbà, ọmọ oníbúrẹ́dì di Balógun Ìtàn. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo wa ti joyè tán, kò sì sẹ́ni tó tún sọ ìtàn kankan mọ́, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kéré sí ipò wa. Ìgbà yẹn ni ìyá aláṣọ ní òun á máa dín ẹja fún ẹni tí tirẹ̀ bá wọ òun lọ́kàn jù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìtàn gùn débi pé bátìrì fóònù ààrẹ kú ká tó parí.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ bí ẹja yẹn ṣe rí lẹ́nu. Mo ti gba ẹ̀bùn àròkọ rí nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì gbà pé èmi nìkan ni òǹkọ̀wé láàárín wọn. Mo fi ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣàpèjúwe ilé bàbá ọmọ náà. Mo ṣàpèjúwe oòrùn tó ń wọ̀. Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn ìyàwó kékeré bàbá náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá aláṣọ á gbọ́ ọ, á ní mo kú iṣẹ́, á sì gbé ẹja fún ọmọ oníbúrẹ́dì, ẹni tí gbogbo ìtàn tirẹ̀ kò ju pé ọmọ náà dé ìlú kan, ó jẹun yó, ó sì sùn. Ó dùn mí wọra. Mo lọ bá ààrẹ pé ká máa dìbò, kó má baà di pé ẹnìkan ń ṣègbè.

"Elle juge bien," ó ní, "ó mọ ẹjọ́ dá, kò ṣègbè rárá. Ìwọ lo ò mọ ohun tó ń tẹ́tí sí."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyá aláṣọ bí. Ó ti gun mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní ìhà àríwá, láti ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́. Àwọn tó ń ti ọ̀nà yẹn bọ̀ sọ pé àwọn agbébọn ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá àti lèmọ́ọ̀mù ti wá bá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kó jẹ́ kí wọ́n ṣe fidáù, àdúrà òkú, fún ọmọ náà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé kò sẹ́ni tó mú ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan wá han òun. Àwọn àgbà á dìde, wọ́n á lọ, yóò sì mú ìgbálẹ̀, á lọ gbá yàrá ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, nínú ìtàn tèmi, ọmọ náà wẹ̀, ó jẹ ìrẹsì, ó sì yá fóònù onífóònù láti pe ìyá rẹ̀, àmọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dára. Mo gba ẹja. Látìgbà náà, gbogbo wa là ń gbé ọmọ náà láti ìlú dé ìlú. Táyà rẹ̀ kì í jò, orí kì í fọ́ ọ. Ká sọ òótọ́, ìtàn náà ti bà jẹ́. Kò sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ju oúnjẹ àti oorun lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa ní kó ṣubú? A ò sì lè mú un délé. Ọmọ oníbúrẹ́dì dán an wò lọ́jọ́ kan, ó mú un dé ẹnu gẹ́ètì, ààrẹ sì pa ohùn náà rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ààwẹ̀, ìyá aláṣọ gbé ẹja jáde, ó fi àwo bò ó, ó sì ní òun náà fẹ́ sọ tòun. Kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ààrẹ bá a tẹ̀ ẹ́. Ohùn tó fi ń sọ iye aṣọ fún oníbàárà ló fi sọ ọ́. Ó ní ọmọ náà dé abúlé kan, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé e, wọ́n fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun gidi wé e, kì í ṣe èyí tó ń tètè ya, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín. Wọn ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ránṣẹ́. Ó dá fóònù padà fún ààrẹ.

Mo sunkún, kò sì tì mí lójú. Ààrẹ dìde, ó gbé ẹja náà, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e síwájú ìyá náà. Ìyá aláṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ò lè gba ẹja tí òun fúnra òun dín, ká pín in jẹ.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yín ni, Màámi," ààrẹ ní. "Kí lẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ fún yín?"

"Lèmọ́ọ̀mù ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ẹ bá mi tẹ́ ẹní," ìyá aláṣọ ní. "Tó bá wá di Àìkú, d'accord, ó dáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà. Òun ò tíì kú."

A tẹ́ ẹní, wọ́n ṣe fidáù náà, èrò sì pọ̀. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní àdúgbò Samandin báyìí, mo sì gbọ́ Faransé débi tí mo lè fi bá èèyàn jà. Ààrẹ ti wọlé ọkọ, síbẹ̀ kò tíì fi ipò sílẹ̀. Ìyá inú ìtàn wa ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti bá télọ̀ ṣe aáwọ̀, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun mọ́tò. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá a ran ìyá aláṣọ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tá à ń gbé ọmọ yẹn kiri, àbí ńṣe la dá a dúró. Mi ò tíì lè bi òun fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́ kí ìyá inú ìtàn gba ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ. Ó dé ibì kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ojú títì náà títí, ó ra omi mu, ó sì padà sílé. Nígbà tó parí, ìyá aláṣọ ní kí n tún un gbé sí i, òun fẹ́ tún un gbọ́.